Ẹyẹ etí ọ̀sà l'Àjàṣẹ́: bẹ́ ẹ ṣe máa wò wọ́n, bẹ́ ẹ ṣe máa yà wọ́n ní fọ́tò

Fọ́tò ìgbéyàwó, ìkómọjáde àti ìsìnkú àgbà ni mo ń yà jẹun níbí l'Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, torí náà ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú kì í ṣe tèmi, ti oníbàárà ni. Ọjọ́ Ajé ló kù fún mi, òun náà sì ni mo fi ń lọ sétí ọ̀sà lọ wo ẹyẹ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìyá mi rí mi ní aago márùn-ún ìdájí tí mo gbé báàgì kọ́ èjìká, wọ́n ní "Ìwọ ọmọ yìí, kí lẹyẹ jẹ ọ́ ní gbèsè tó o fi ń bá a jí?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ọdún kan gbáko ni mo fi sáré tẹ̀lé ẹyẹ kiri nínú ẹrẹ̀, gbogbo fọ́tò tí mo sì ń mú bọ̀ wálé, ìdí ẹyẹ ni, ìdí ẹyẹ tó ń fò lọ, kékeré bí èèrà.

Ohun tó yí i padà kì í ṣe kámẹ́rà tuntun o. Bàbá apẹja kan ló wò mí títí, wọ́n wá ní "Ọmọ mi, ṣé o mọ ibi tí omi wà báyìí?" Mo ní bàbá, omi rèé níwájú wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n jókòó sídìí ọkọ̀ wọn tó wà ní gbígbẹ, kí n má dìde. Mo jókòó. Kò tó wákàtí kan àbọ̀ tí àwọn ẹyẹ tí mo ti ń lé látàárọ̀ fi fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá bá mi, torí omi ló ń lé wọn bọ̀. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí dúró lé: ẹ mọ omi kẹ́ ẹ tó wá ẹyẹ.

Àkọ́kọ́: ẹ mọ bí omi ṣe ń wọlé, bó ṣe ń fà

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí wọ́n bí síbí rò pé ọ̀sà wa kàn jókòó síbẹ̀ bí omi inú agbada ni. Rárá o. Ọ̀sà Àjàṣẹ́ gba ojú omi Totchè wọ adágún Nokoué, Nokoué náà wá gba ojú omi tí àwọn Faransé là ní Kútọnu lọ́dún 1885 bọ́ sínú òkun, ojú yẹn ni òkun fi ń mí wọlé tó fi ń mí jáde sọ́dọ̀ wa. Lápá ìlà oòrùn ó tún bá omi Àgbádárìgì lọ títí dé Èkó. Torí náà bí òkun bá kún ní Kútọnu, ó lè pẹ́ díẹ̀ ṣá, ṣùgbọ́n omi tiwa náà á gbọ́.

Lẹ́ẹ̀mejì ni òkun ń kún lójúmọ́ lọ́dọ̀ wa, lẹ́ẹ̀mejì ló sì ń fà. Láti ìgbà tó kún dé ìgbà tó tún máa kún, wákàtí 12 àti bí ìṣẹ́jú 25 ni, ìyẹn ni pé bó bá kún ní aago 7 àárọ̀ òní, tọ̀la á sún sí nǹkan bí aago 8 ku ìṣẹ́jú 10, tọ̀túnla á tún sún. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ di ọjọ́ méje, ẹ ó rí i pé ó ti sún tó wákàtí mẹ́fà. Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú nìyẹn, wọ́n á lọ lọ́jọ́ Ajé yìí ní aago 7, wọ́n á rí ẹyẹ rẹpẹtẹ, wọ́n á tún padà lọ lọ́jọ́ Ajé kejì ní aago 7 kan náà, wọn ò ní rí nǹkan kan, wọ́n á ní àwọn ọdẹ ti pa ẹyẹ tán. Kò sẹ́ni tó pa á. Omi ti fà ni, ẹyẹ wà lókèèrè níbi tí ojú ò tó.

Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àbí tó bá di òṣùpá àrànmọ́jú, omi ń kún ju bó ṣe ń kún tẹ́lẹ̀, ó sì ń fà ju bó ṣe ń fà tẹ́lẹ̀, ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ fún ẹyẹ. Tẹ́ ẹ bá ń wá àkókò rẹ̀ lórí fóònù, ẹ tẹ "marée Cotonou" (kíkún àti fífà omi òkun Kútọnu) sí i, á gbé e jáde fún yín. Ṣùgbọ́n ti etí òkun Kútọnu nìyẹn, kì í ṣe ti wa, kẹ́ ẹ tó sọ pé mo purọ́ fún yín.

Bí mo ṣe mọ tiwa nìyí, owó kékeré ló ná mi. Mo gé ọparun kan tó gùn jù mí lọ díẹ̀, mo fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí i lára ní sẹ̀ǹtímítà 10-10, mo rì í mọ́ ẹrẹ̀ níbi tí mo máa ń jókòó, mo wá ń fi fóònù ya ọparun yẹn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Fóònù ń kọ àkókò sára fọ́tò fúnra rẹ̀, ẹ ò nílò ìwé. Nígbà tí mo délé mo tò wọ́n, mo rí ìgbà tí omi ga jù lára ọparun, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbà tí wọ́n kọ fún Kútọnu, ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni bí ọ̀sà ṣe ń pẹ́ lẹ́yìn òkun tó níbi tí èmi wà. Tiyín lè yàtọ̀ torí bẹ́ ẹ bá ṣe jìnnà sí ojú òkun tó ló máa pẹ́ tó, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe bí ìgbà bá yí. Ọjọ́ kejì tí mo rì í mọ́lẹ̀ àwọn ọmọdé ti yọ ọparun mi lọ fi ṣeré, nítorí náà ẹ bẹ àwọn ará ibẹ̀ kí wọ́n bá yín fojú sí i.

Ẹ má retí pé omi ọ̀sà wa á máa ga bíi ti etí òkun o. Ó kéré gan-an sí i. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú bí awo ni, omi tó bá lọ sókè níwọ̀n ìka mẹ́rin péré lè bo ilẹ̀ tó gbòòrò bíi pápá bọ́ọ̀lù, ìyẹn sì ti tó láti lé ẹyẹ. Ẹni tó bá fẹ́ rí omi tó ń wọlé tó ń jáde lójú méjèèjì, kó lọ sí ẹ̀bá ojú omi Kútọnu, àbí kó na ẹsẹ̀ dé apá Grand-Popo níbi tí odò Mono ti ń bọ́ sínú òkun, ibi tí wọ́n ń pè ní Bouche du Roi. Igi ẹ̀gbà pọ̀ níbẹ̀, ẹyẹ náà pọ̀.

Ìgbà wo láàárín ọdún? Oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin ni mo fẹ́ràn jù. Láti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá, odò Wẹ̀mẹ̀ (Ouémé) ń kún, ó ń ya dé ibi gbogbo, kò sí ẹrẹ̀ tí ẹyẹ máa dúró lé, àwọn ará Aguégué ń wọ ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn nígbà yẹn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé, omi Wẹ̀mẹ̀ á rẹlẹ̀, omi iyọ̀ látòkun á rìn wọlé, ẹrẹ̀ á yọ jáde, akàn á yọ jáde, àwọn ẹyẹ tó wá láti òkè òkun náà ti dé nìyẹn. Ọyẹ́ nìkan ni wàhálà rẹ̀, mo máa sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ tá a bá dé ibi kámẹ́rà.

Lẹ́yìn náà: ẹ wá ibi tẹ́ ẹ máa jókòó sí

Bí omi bá fà, ẹyẹ á fọ́n ká, á lọ jẹun lórí ẹrẹ̀ tó jìnnà. Bí omi bá ń wọlé, ẹrẹ̀ á máa kéré sí i, àwọn ẹyẹ á máa sún mọ́ra, wọ́n á máa sún mọ́ etí, títí tí gbogbo wọn á fi kóra jọ sórí ilẹ̀ tó kù ní gbígbẹ, níbẹ̀ ni wọ́n á dúró sí lẹ́sẹ̀ kan, wọ́n á fi ẹnu sábẹ́ apá, wọ́n á sinmi. (Ẹ má rò pé ẹyẹ tó dúró lẹ́sẹ̀ kan ti rọ o. Ó ń pa ooru ara ẹ̀ mọ́ ni, ẹsẹ̀ kejì wà nínú ìyẹ́.) Torí náà, ẹ dé ibẹ̀ ní wákàtí méjì kí omi tó kún, kẹ́ ẹ ti jókòó kí ẹyẹ tó dé, kì í ṣe kí ẹyẹ ti jókòó kẹ́ ẹ tó dé. Ìyàtọ̀ gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ẹyẹ, ọ̀tá ni wọ́n máa kà á sí, ẹni tí ẹyẹ bá bá níbẹ̀, kùkùté ni.

Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Tó bá jẹ́ àárọ̀ lẹ fẹ́ lọ, ẹ wá etí omi tí ẹ ó ti kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ẹ yí i padà. Ẹ wá nǹkan tí ẹ máa fara tì, ìdí ọkọ̀ tó wà ní gbígbẹ, eèsún, igi tó ṣubú, ohunkóhun tí kò ní jẹ́ kí ara yín dá dúró gedegbe lójú ọ̀run. Aṣọ funfun ò dáa fún iṣẹ́ yìí, mo mọ̀ pé ìlú tí Ìjọ Mímọ́ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1947 la wà, sùtánà yín mọ́ lóòótọ́, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Àwọ̀ ewé, àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ eérú, ó tán.

Ohun tẹ́ ẹ máa mú dání

Tẹ́ ẹ bá lówó ra nǹkan kan péré, ẹ ra awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, tí àwa níbí ń pè ní jùmẹ́ẹ̀lì, kẹ́ ẹ wá kámẹ́rà tó bá yá. Ẹ wò ó lára kó kọ 8x42, ìyẹn ni pé ó ń fa nǹkan sún mọ́ni lọ́nà 8, ojú ẹ̀ sì fẹ̀ ní mìlímítà 42, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé dáadáa. Àwọn tó ń tajà ẹ máa fẹ́ fún yín ní èyí tó kọ 20x, wọ́n á ní òun ló ń rí jìnnà jù. Ẹ má gbà. Ọwọ́ èèyàn ń gbọ̀n, bó bá ṣe fa nǹkan sún mọ́ tó ló ń fa gbígbọ̀n ọwọ́ yín náà sún mọ́ tó, ẹyẹ á kàn máa jó lójú yín ni.

Fún fọ́tò, lẹ́ǹsì tó tó 300 sí 400 mìlímítà lẹ nílò. Èyí tí mo fi ń ya ìgbéyàwó kì í dé ibẹ̀, torí náà mo ra kámẹ́rà kékeré tó ní súùmù gígùn lára, ẹni tó ti lò ó tẹ́lẹ̀ ló tà á fún mi, ó sì ń ṣe mí lóore. Ẹni tí kò ní nǹkan kan ju fóònù lọ, ẹ gbé ojú fóònù ka ojú jùmẹ́ẹ̀lì, ojú kan ṣoṣo nínú méjèèjì, kẹ́ ẹ fi rọ́bà dè é pọ̀, kẹ́ ẹ gbé e lé orí nǹkan tí kò mì, ẹ rọra wá ibi tí òkùnkùn etí rẹ̀ á ti kúrò. Ó ń gba sùúrù, ṣùgbọ́n fọ́tò tí mo rí lọ́wọ́ àbúrò mi kan tó fi fóònù ya lékeléke bẹ́ẹ̀ yẹn, ojú tì mí díẹ̀.

Ẹ tún mú àpò ọ̀rá ńlá dání fún kámẹ́rà, aṣọ ìnura méjì, fìlà, omi mímu, àti nǹkan tẹ́ ẹ máa jẹ, torí jíjókòó ń pa èèyàn lébi ju rírìn lọ. Èmi máa ń dúró ra àkàrà àti ẹ̀kọ́ kí n tó gun zem, ọ̀kadà tiwa níbí, lọ.

Ẹrẹ̀, ẹ má fi ṣeré

Ẹsẹ̀ ni mo fi kọ́ èyí. Mo rí ẹyẹ kan tó dá dúró, mo ní kí n kàn sún mọ́ ọn ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí i, ìgbésẹ̀ kẹfà ni ilẹ̀ gbà mí dé itan, bàtà mi sì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún títí di òní. Omi ń wọlé lákòókò yẹn. Bí mo bá fa ẹsẹ̀ ọ̀tún, tòsì á tún rì sí i. Àwọn obìnrin tó ń ṣa ìṣáwùrú ló kígbe sí mi pé kí n yé jà, kí n fi ìdí jókòó sórí ẹrẹ̀, kí n sún ara mi sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ sùn, kí n máa rọra mi ẹsẹ̀ kí omi lè ráyè wọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó sì yọ. Kámẹ́rà ò bọ́ sómi ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ wọ inú ẹ̀, ẹni tí mo gbé e fún pé kó tún un ṣe ló wá bà á jẹ́ tán, mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan.

Nítorí náà ẹ mú ọparun tó gùn dání, kẹ́ ẹ máa fi tẹ ilẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ lé e. Ẹrẹ̀ tí ihò akàn pọ̀ lójú ẹ̀ tí koríko sì wù sí lára máa ń le díẹ̀, èyí tó ń dán bíi dígí tí kò sí ìtẹ̀sẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀, ẹ yẹra fún un. Bàtà rọ́bà gígùn ò dáa, ẹrẹ̀ máa ń mú un dání ni. Bàtà tó ní okùn tí wọ́n so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ló dáa, torí ìkarahun ń gé ẹsẹ̀ lásán. Ẹ má dá nìkan lọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹnì kan nílé ìgbà tẹ́ ẹ máa padà.

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ lẹ máa wọ̀, ẹ ná an kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sínú ẹ̀, lọ àti bọ̀, pẹ̀lú wákàtí tẹ́ ẹ máa lò, torí iye tí wọ́n ń gbà fún ẹni tó fẹ́ sọdá kọ́ ni wọ́n máa gbà fún ẹni tó fẹ́ dúró lójú kan máa wo lékeléke. Ẹ bèèrè jílé, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi, kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ sọ́rùn, kì í ṣe kẹ́ ẹ fi ṣe ìjókòó. Ọkọ̀ alájẹ̀ dáa ju ọkọ̀ onímótò lọ. Ọlọ́kọ̀ tí mo máa ń bá lọ, èmi ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún un pé "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra", ní báyìí òun ló ń sọ fún mi pé "Àbúrò, gbé ọwọ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n ti rí ẹ."

Àwọn wo lẹ máa rí?

Ẹ fi lékeléke ṣe òṣùwọ̀n, torí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ lékeléke, gbogbo wa la ti na ìka sókè bẹ̀ ẹ́ pé kó fún wa ní funfun èékánná rí. Ẹyẹ tẹ́ ẹ bá rí, ẹ bi ara yín: ó ga jù lékeléke ni àbí ó kéré sí i? Àgógó ẹnu ẹ̀ ń kọ́? Ó tọ́, ó tẹ̀ sísàlẹ̀, àbí ó yí sókè díẹ̀? Ẹsẹ̀ ẹ̀, àwọ̀ wo? Kí ló ń ṣe? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló ń dáhùn jù.

Lékeléke fúnra ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó ń tẹ̀lé màlúù, ẹnu rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè bíi pupa inú ẹyin, ó kúrú, ọrùn ẹ̀ náà kúrú. Èyí tẹ́ ẹ bá bá nínú omi, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹnu ẹ̀ dúdú, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ dúdú, ẹ dúró kó gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ máa rí i pé ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀. Ó máa ń fi ìka ẹsẹ̀ yẹn gbọn ẹrẹ̀ kí ẹja lè sá jáde. Òmíràn tún wà tó dàbí ẹ̀ ṣùgbọ́n tó jẹ́ àwọ̀ eérú ṣíṣú, ọ̀fun ẹ̀ nìkan ló funfun, òun fẹ́ràn omi iyọ̀.

Èyí tó kéré tó ń sá létí omi, tó ń mi ìdí sókè sílẹ̀ láìsinmi bí ẹni tó gbọ́ ìlù bọ̀lọ̀jọ̀ tí àwa ò gbọ́, chevalier guignette ni wọ́n ń pè é ní Faransé, ẹ ó rí i níbi gbogbo, àní lórí òkúta ìdí afárá. Ikùn rẹ̀ funfun, funfun yẹn sì gbẹ́nu wọ iwájú èjìká ẹ̀. Òun ni mo máa ń fi kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí kì í jìnnà.

Èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn tó burú, tó pupa yòò, tí ara ẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun, échasse nìyẹn, ó dàbí ọmọdé tó gun igi agéré. Èyí tó ń sáré díẹ̀, tó dúró gan-in, tó tún sáré, tí aṣọ dúdú yí ọrùn ẹ̀ ká, gravelot ni. Kò lo ẹnu láti wá oúnjẹ nínú ẹrẹ̀ bíi ti àwọn tó kù, ojú ló ń lò, ìdí nìyẹn tó fi ń dúró. Àwọn ẹlẹ́nu gígùn ní tiwọn, ṣóńṣó ẹnu wọn ń mọ nǹkan lára bí ìka ọwọ́ wa, wọn ò rí ohun tí wọ́n ń mú.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni courlis corlieu. Ara ẹ̀ kò jìnnà sí ti lékeléke màlúù, ẹnu ẹ̀ gùn, ó tẹ̀ sísàlẹ̀ bí dòjé. Ọjọ́ kan ó mú akàn kan níwájú mi, kò jìnnà ju ibi tí ẹ máa sọ òkò dé lọ, ó mú un ní ẹsẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ẹsẹ̀ já, akàn bọ́, ó tún mú ẹsẹ̀ mìíràn, ó tún gbọ̀n ọ́n, títí akàn fi di róbótó bíi kúlúkúlú, ó wá gbé e mì, ó fi ẹnu ṣan omi, ó tún ń wo ihò mìíràn. Ó ń kọ orin kan tó dà bí fèrè tí wọ́n fọn léraléra lójú kan, bẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ẹ ò ní gbàgbé.

Lórí ewé tó bo omi, ẹ máa rí jacana, aláwọ̀ pupa rúsúrúsú, iwájú orí ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró, ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn bí irin kẹ̀kẹ́. Ó ń rìn lórí ojúoró àti òṣíbàtà láì rì. Àdúrà tá à ń gbà pé ojúoró ní í lékè omi, ẹyẹ yìí ti gbà á tẹ́lẹ̀.

Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè lo Merlin, áàpù tó ń sọ orúkọ ẹyẹ, ọ̀fẹ́ ni, tẹ́ ẹ bá ti gbé ẹyẹ apá ọ̀dọ̀ wa sórí ẹ̀ nílé kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń ṣì í, ó ti sọ fún mi rí pé adìyẹ aládùúgbò jẹ́ nǹkan mìíràn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa yà á

Ìmọ́lẹ̀ láti ìgbà tí ojúmọ́ mọ́ dé aago 9, àti láti aago 4 àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló dáa. Láàárín, ooru ń jó lórí ẹrẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa gbọ̀n bí orí iná, kò sí lẹ́ǹsì tó lè ran yín lọ́wọ́. Nígbà ọyẹ́ bákan náà, eruku wà láàárín ẹ̀yin àti ẹyẹ, ẹ dúró de àwọn tó bá sún mọ́ yín gan-an nìkan, kẹ́ ẹ gbàgbé àwọn tó jìnnà.

Ìyára: ẹyẹ tó dúró tàbí tó ń jẹun, 1/500 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹyẹ tó ń fò, 1/1600 sókè. Ẹ fi ojú lẹ́ǹsì sí f/5.6 àbí f/8, kẹ́ ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà yan ISO, ìyẹn bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó, fúnra ẹ̀. Ẹ fi sí yíya léraléra, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó máa tẹ̀lé ohun tó ń rìn. Ojú ẹyẹ lẹ gbọ́dọ̀ mú. Bí ojú ò bá là, bí gbogbo ìyẹ́ tó kù bá là, ẹ pa á rẹ́.

Funfun ni wàhálà tó tóbi jù. Ẹni tó bá ti ya ìyàwó tó wọ gáàwùn lójú oòrùn rí ti mọ̀: kámẹ́rà rí òkùnkùn tó yí i ká, ó mú ìmọ́lẹ̀ pọ̀, gáàwùn wá di pépà, kò sí ọnà kankan lára ẹ̀ mọ́, ìyá ìyàwó á ní aṣọ tí òun rà lówó gọbọi dà? Lékeléke lórí ẹrẹ̀ dúdú, bákan náà ni. Ẹ wá bọ́tìnì tó ní + àti − lára kámẹ́rà, ẹ fà á sí −0.7 àbí −1, kẹ́ ẹ wo ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹ ń rí ìlà ìlà. Ẹyẹ dúdú tó wà níwájú omi tó ń tàn, ẹ ṣe òdìkejì, ẹ lọ sí +. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ ara ẹyẹ náà lójú kẹ́ ẹ sì fa àmì oòrùn kékeré tó bá yọ sísàlẹ̀.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Fọ́tò tẹ́ ẹ bá yà lórí ìdúró, orí àti ẹ̀yìn ẹyẹ ló máa hàn, ẹrẹ̀ á sì bo gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ bí ògiri. Bẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀ lórí ọ̀rá, tí lẹ́ǹsì wà ní bí ojú ẹyẹ ṣe ga, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á jìnnà, á rọ̀ bí aṣọ òfì tí wọ́n fọ̀ púpọ̀, ẹyẹ á wá dá yọ. Nínú ọkọ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé etí ọkọ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú ibi tí ẹyẹ kọjú sí, kó má dà bíi pé ó fẹ́ forí gbá etí fọ́tò.

Mímọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ dúró náà ń jẹ́ kí fọ́tò dáa. Bí ẹyẹ bá gbé orí sókè tó pa oúnjẹ tì, ẹ ti sún mọ́ jù, ẹ dúró lójú kan. Bó bá ké, tó tẹ orí wálẹ̀ tó tún gbé e sókè, ẹ padà sẹ́yìn. Ẹ má fi òkò lé wọn fò kẹ́ ẹ lè rí fọ́tò ìfò, mo ti rí ẹni tó ṣe é. Bécasseau cocorli, ẹyẹ kékeré kan tí ẹnu ẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, apá àríwá Siberia ló ti ń wá, ibẹ̀ ló sì máa padà sí lọ pa ọmọ bí àsìkò bá tó, ọ̀rá tó bá kó sára lórí ẹrẹ̀ Àjàṣẹ́ wà lára epo tó máa fi fò. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá lé e fò lásán, ẹ ti jó díẹ̀ nínú epo yẹn.

Àwọn èèyàn tẹ́ ẹ máa bá lójú omi

Àkájà, àwọn ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kí ẹja lè kó síbẹ̀, oko ẹnì kan ni. Ẹ má so ọkọ̀ mọ́ ọn, ẹ má gba inú ẹ̀ kọjá nítorí pé ẹyẹ wà lórí ẹ̀. Ẹ kí àwọn èèyàn kẹ́ ẹ tó yọ kámẹ́rà, Ẹ̀gùn tó bá wà lẹ́nu yín ẹ lò ó. Bẹ́ ẹ bá rí ọkọ̀ tó kó kẹ́ẹ̀gì tó wálẹ̀ débi pé etí ẹ̀ fẹ́ẹ̀ bá omi dọ́gba, ẹ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ kọjú lẹ́ǹsì sísàlẹ̀, ẹ máa wo ọwọ́ yín títí tí wọ́n á fi kọjá. Àwọn tó wọ aṣọ ìjọba náà, bákan náà.

Bẹ́ ẹ bá délé

Ẹ fi aṣọ tó rin díẹ̀ pẹ̀lú omi tútù lásán nu kámẹ́rà lóde, torí iyọ̀ ń jẹ ẹ́ ní jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ fi èyí tó gbẹ nù ún tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣí ẹnu lẹ́ǹsì lórí omi. Ẹ kó fọ́tò sí fódà tó ní ọjọ́, ibi, àti bí omi ṣe wà nígbà náà, kó tó pẹ́ ẹ ó ní ìwé omi tiyín. Ìka tó bá ń dun yín láti pa fọ́tò rẹ́, ẹ fún un ní ìgboyà, nínú 300 tí mo bá yà, 5 ni mo máa ń fi sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó pa wọ́n rẹ́ ṣá, ẹ fa gbogbo ẹsẹ̀ ẹyẹ tóbi kẹ́ ẹ wò ó. Àwọn kan wà tí wọ́n ti fi òrùka irin àbí ike aláwọ̀ sí lẹ́sẹ̀ ní Yúróòpù, nọ́ńbà tàbí lẹ́tà sì wà lára ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan, fọ́tò burúkú yẹn ló níye lórí jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ yà lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ ọjọ́, ibi, irú ẹyẹ, àwọ̀ òrùka, ohun tó kọ sára ẹ̀, ẹsẹ̀ tó wà, òsì ni àbí ọ̀tún, lókè orúnkún ni àbí nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ láti orí euring.org, ojú òpó àwọn tó ń rí sí òrùka ẹyẹ ní Yúróòpù. Òsì tí mo ń wí yìí, òsì ẹyẹ ni o, kì í ṣe òsì ẹ̀yin tẹ́ ẹ dojú kọ ọ́.